Síìpù Nílé Ọ̀gá Kóòtù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ọ̀gá Kóòtù, ẹ gbé ṣòkòtò tó ya lọ bá a. Kò ní bú yín, kò sì ní lé yín. Yóò kàn wo ṣòkòtò náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo òkú eku tí ológbò gbé wọlé, yóò wá fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà ìta. Kóòtù ni òun ń rán. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé kò sí èjìká tó gùn, tó kúrú, tàbí tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò lè fi kóòtù bò kó sì dọ́gba bí ojú tábìlì.

Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kóòtù nígbà tó wọ ilé wọn, torí pé ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ lórí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí ó fi fẹ́ ẹ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà kékeré ti yà kúrò lára títì ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oní-táyà. Gíláàsì fífẹ̀ kan wà níwájú ẹ̀, ère kan tí kò lórí sì dúró sẹ́yìn gíláàsì náà, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan tí kò sí ẹni tó tíì bèèrè iye ẹ̀. Nínú ilé, ẹ ó rí tábìlì gígùn, maṣíìnì méjì, áyọ́ọ̀nù kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ, àti àga kan lẹ́nu ọ̀nà tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí tí yóò máa gbẹ́ ojú bọ́tìnì. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ohun tí ọkọ ẹ̀ sọ kò bá bá a lára mu, á kàn fi eyín já òwú. Ọ̀gá Kóòtù ti mọ ìró òwú tó ń já ju ìró aago lọ.

Ó wá di pé iṣẹ́ ò wọlé mọ́. Ọ̀gá Kóòtù ní òjò ló fà á. Nígbà tí òjò dá, ó ní oòrùn ni. Nígbà tí ojú ọjọ́ kò fi àwáwí kankan sílẹ̀ fún un mọ́, ó ní àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ò mọ aṣọ wọ̀. Ìyàwó ẹ̀ já òwú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fóònù, ó ń wo ojú títì. Ọ̀gá Kóòtù dìde, ó fa téèpù sọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ọkùnrin náà wí, "télọ̀ ni mò ń wá."

"Ẹ ti débẹ̀."

Ọkùnrin náà tún wo fóònù. "Rárá sà. Fóònù ní kí n lọ síwájú, kí n yà sápá òsì. Ó ní ibi tí mo dúró sí yìí, ẹran ni wọ́n ń tà."

Ọ̀gá Kóòtù bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ rí ẹran náà. Ọmọlúàbí sì ni, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣìnà, ni ó bá na ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ júwe ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kejì fún oníbàárà. Ó padà wọlé, ó jókòó ti áyọ́ọ̀nù tútù. Ìyàwó ẹ̀ ò já òwú lọ́tẹ̀ yìí. Fóònù ló gbé, ó pe ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyàwó, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, ni pé kó mú kí fóònù dá àwọn oníṣòwò kéékèèké mọ̀. Bí ẹnì kan bá ń wá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní àdúgbò, òun ló máa ṣe é tí fóònù fi máa dárúkọ oníbàárà tiẹ̀ kó tó dárúkọ ẹlòmíì. Ọ̀gá Kóòtù ò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Ó máa ń sọ fún àbúrò ẹ̀ pé, "Ìyàwó ẹ, wọ́n ń sanwó fún un kó máa nàka sí èèyàn."

Ìyàwó dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó kí ìyálé ẹ̀, ó kí ọkọ ẹ̀ àgbà, ó fa àpótí kan jókòó, ó sì tẹ 'télọ̀ nítòsí' sínú fóònù. Orúkọ méje jáde. Ọ̀gá Kóòtù wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Èmi dà níbẹ̀?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, ọkọ mi."

"Mi ò sí kẹ̀?"

"Ẹ wà láyé o. Inú fóònù lẹ ò sí." Ó fi ìka fa máàpù inú fóònù náà súnmọ́ wọn. "Ẹ wo ilé oní-táyà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Alápatà ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Òótọ́ ni. Kí Ọ̀gá Kóòtù tó gba ṣọ́ọ̀bù náà, alápatà kan ti lò ó rí. Alápatà ti kó ọ̀bẹ ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́, àmọ́ fóònù ò tíì gbọ́.

"Àwọn oníbàárà fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀," ni Ìyàwó wí. "Àwọn èèyàn gbádùn ẹ̀dọ̀ tó ń tà gan-an."

"Ọjà tó bá dára, ara ẹ̀ ló ń ta," ni Ọ̀gá Kóòtù wí, ó sì yíjú sí ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó yọ alápatà kúrò. Ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti ìgbà tí wọ́n ń tì í. Nígbà tó kan fọ́tò, Ọ̀gá Kóòtù bọ́ kóòtù kúrò lára ère, ó wọ̀ ọ́, ó na ọrùn, ó sì le ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà sára òǹtẹ̀ ìjọba. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín òun rèé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ ìpolówó. Ọ̀gá Kóòtù káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín tábìlì àti maṣíìnì. "Kọ ọ́ pé: Àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ kóòtù. Ẹni tí èjìká rí tó tẹríba. Ẹni tí…"

"Ẹ dákun, ọkọ mi. Ẹni tó ń wá télọ̀, kí ni ẹ rò pé ó máa ń tẹ̀ sínú fóònù?"

"Á tẹ̀ ẹ́ pé, 'Níbo ni ọ̀gá wà?'"

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn àdúgbò náà ń tẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó sì kà á jáde fún un: ta ló ń tún síìpù ṣe nítòsí; síìpù ṣòkòtò mi ti já; síìpù ò tì mọ́; síìpù báàgì; síìpù há.

"Kóòtù ńkọ́?"

"Èèyàn méjì ló wá kóòtù. Ó jọ pé ìyálé mi ni ọ̀kan nínú wọn."

Lẹ́nu ọ̀nà, òwú já.

Ọ̀gá Kóòtù gbé ọwọ́ sókè. "Síìpù ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún mi: ẹni tó bá tún síìpù ṣe lónìí, síìpù ni yóò máa tún ṣe títí yóò fi darúgbó." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni oní-táyà pè é síta pé kó bá òun di ẹ̀gbẹ́ kan táyà ńlá mú. Ìyàwó wo ìyálé ẹ̀. Ìyálé ẹ̀ wo Ìyàwó. Nígbà tí Ọ̀gá Kóòtù fi máa nu ọwọ́ wọlé, Ìyàwó ti ń ti fóònù bọ báàgì.

"O ti ṣe é tán? Ṣé o fi àgbà ọ̀jẹ̀ sí i?"

"Mo fi sí i, ọkọ mi."

Kò sì parọ́. Ó fi sí i. Ìparí ló fi sí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì dé ìdajì nígbà tí obìnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wọlé, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀ tì dé àgbọ̀n. Inú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà ló ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó ti há."

"Kóòtù ni mò ń rán," ni Ọ̀gá Kóòtù wí.

"Mo rí i sà. Àmọ́ àárọ̀ ni mo ti wà nínú nǹkan yìí."

Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀. Ọ̀gá Kóòtù ò lè lé ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ó ní kó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ wo síìpù náà, ó pòṣé. Aṣọ inú ló kó sáàárín eyín síìpù. Ó ní láti kúnlẹ̀ kó tó lè rí i dáadáa, ó tún pòṣé. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, ó fi ọṣẹ ra ojú eyín ẹ̀, síìpù náà sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Obìnrin náà mí bí ẹni tó jáde lábẹ́ omi. Ìgbà tí Ọ̀gá Kóòtù wá rí bí ilé iṣẹ́ ṣe rán síìpù náà mọ́ aṣọ, gbàgẹ̀rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ bí ìrìn ọ̀mùtí, ó pòṣé nígbà kẹta, ó tú gbogbo ẹ̀, ó sì tún un rán. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀ ni kò gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ò sinmi. Wọ́n gbé báàgì ilé ìwé wá, wọ́n gbé bàtà wá, wọ́n gbé ìrọ̀rí wá. Ọkùnrin kan gbé àgọ́ wá, irú èyí tí wọ́n ń sùn sínú ẹ̀ lóko, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó Ọ̀gá Kóòtù ní láti wọnú àgọ́ náà lọ bá wọn di síìpù ẹ̀ mú láti inú. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́.

"Ta ló rán yín sí mi gan-an?" ni Ọ̀gá Kóòtù bi alágọ̀ọ́.

"Fóònù ni sà." Ó sì kà á sókè: "Àtúnṣe síìpù, kíákíá. Báàgì, ṣòkòtò, jákẹ́ẹ̀tì. Kóòtù. Àgbà ọ̀jẹ̀."

"Kóòtù ló kẹ́yìn?"

"Rárá sà. Àgbà ọ̀jẹ̀ ló kẹ́yìn."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyàwó. Ó dé pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá Kóòtù ò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, èyí tó tún burú ju ariwo lọ. "Ìyàwó, yọ ọ́ kúrò."

"Màá yọ ọ́, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí ẹnì kan kọ nípa yín." Ó kà á: "'Síìpù mi ń lọ bí omi. Ìràwọ̀ mẹ́rin. Mo yọ ẹyọ kan nítorí pé bàbá náà pòṣé lẹ́ẹ̀mẹta.'"

Ọ̀gá Kóòtù gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Mélòó ni ìràwọ̀ tó bá pé?"

"Márùn-ún, ọkọ mi."

"Mẹ́rin ni tèmi?"

"Mẹ́rin ni."

"Mélòó lo ní alápatà gbà?"

Ìyàwó wo ilẹ̀. "Mẹ́rin ààbọ̀."

Ọ̀gá Kóòtù jókòó. Ọ̀rọ̀ yíyọ síìpù kúrò fò lórí ẹ̀ bí ẹyẹ. Ọkùnrin tí aṣọ kan ò tíì ti ọwọ́ ẹ̀ padà wá fún àtúnṣe rí, ó wá gbọ́ pé alápatà fi ààbọ̀ ìràwọ̀ ju òun lọ. Ó ní kí Ìyàwó kọ èsì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tí òun wọ ẹnu iṣẹ́. Ìyàwó ní bó bá gùn jù, ẹnikẹ́ni ò ní kà á, pé àwọn èèyàn máa ń fi èsì mọ irú ẹni tí oníṣòwò jẹ́ ju ẹ̀sùn lọ.

"Gbé fóònù náà wá. Èmi ni yóò tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò rí lẹ́tà kankan kó jáde. Ìyàwó mú ọwọ́ ẹ̀, ó sì rọra bọ́ fìlà irin tó máa ń fi sórí ìka ránṣọ kúrò. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wá ń jáde, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi parí. Ohun tó kọ rèé: "Ẹ kú àárọ̀. Mi ò pòṣé. Mo mí kanlẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe rán síìpù yín nílé iṣẹ́ ò dára, mo ti tún un rán. Ẹ má máa fi agbára fà á."

Ìyàwó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn díẹ̀ sí i, ó rí ojú ẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀rín ni àwọn èèyàn fi kà á. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ padà wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbọ́ àlàyé, òun sì ti dá ìràwọ̀ náà padà. Àwọn oníbàárà wá di méjì: àwọn tí síìpù wọn bàjẹ́, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí. Ìyá àgbà kan gba báàgì ẹ̀ tán, kò dìde.

"Ó kù kí ni, mà?" ni Ọ̀gá Kóòtù bi í.

"Ẹ ò tíì mí."

Ọ̀gá Kóòtù wo ìyàwó ẹ̀ pé kó gba òun. Ìyàwó ẹ̀ ti fi kóòtù bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin tín-ínrín kan wọlé láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní òun ni télọ̀ apá òsì ọ̀hún tí fóònù ń júwe fún àwọn èèyàn. Ọ̀gá Kóòtù na ẹ̀yìn. Bó ṣe ń rò ó lọ́kàn, ọkùnrin yìí sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín ìyànjẹ, ó sì máa ń fi òrùka gbá tábìlì. Ẹni tó dúró síwájú ẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, ọrùn sì ń dùn ún.

"Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni," ni àlejò náà wí.

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ti síìpù. Ọmọ mi obìnrin ló fi mí sínú fóònù. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n, mi ò fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tuntun mọ́. Síìpù láàárọ̀, síìpù lálẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń yà sọ́dọ̀ yín báyìí ni mo tó rí àyè gé kóòtù kan." Ojú ẹ̀ bọ́ sára ère. Kò tọrọ àyè, ó rìn lọ síbẹ̀, ó yí ọrùn kóòtù aláwọ̀ eérú náà padà, ó wo abẹ́ ẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ rán ọrùn yìí? Láìlo gọ́ọ̀mù?"

"Abẹ́rẹ́ lásán ni."

Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò ra ojú rírán náà. Ó wá ní, "Mi ò rí irú ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti kú."

Ọ̀gá Kóòtù ti fi oṣù mélòó kan bá ọkùnrin yìí jà nínú ọkàn láìrí i sójú, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe fẹ́ kó hàn lọ. Ó fa àga fún un. Wọ́n sọ̀rọ̀ èjìká, wọ́n sọ̀rọ̀ àpò, wọ́n bú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ, títí ìyàwó Ọ̀gá Kóòtù fi palẹ̀ mọ́, tó ti fèrèsé, tó sì gbé báàgì kọ́ èjìká dúró dè wọ́n.

Kò pẹ́ sí i ni olùkọ́ ìṣirò kan wá. Síìpù ṣòkòtò ẹ̀ ló já, kò sì mú òmíràn dání, ni wọ́n bá ní kó dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé kó fi ṣòkòtò náà ránṣẹ́. Ọ̀gá Kóòtù tún síìpù ṣe tán, ó gbé ṣòkòtò lọ fún un, ó fa aṣọ ìkélé, kò sì na ṣòkòtò náà sí i mọ́. Ojú ẹ̀ ti dúró sára èjìká ọkùnrin náà. Ti apá ọ̀tún wọ́ sílẹ̀ ju ti òsì lọ, kóòtù tó wọ̀ sì sún jọ sẹ́yìn ọrùn bí àpò ìrẹsì.

"Ta ló rán kóòtù yẹn fún yín?"

"Mo rà á ni sà."

"Ó hàn." Ó fa téèpù yọ lọ́rùn. "Ẹ na apá."

"Sà, ṣòkòtò ni mo…"

"Ẹ na apá."

Ẹni tí kò ní ṣòkòtò nídìí ò lè sá. Olùkọ́ na apá. Ọ̀gá Kóòtù wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn ọwọ́, ó ń pe òǹkà, ìyàwó ẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa rí ṣòkòtò ẹ̀ gbà, ó ti yan aṣọ, ó ti yan bọ́tìnì, ó sì ti gbà pé òun ti ń fẹ́ kóòtù láti ọjọ́ pípẹ́.

Kóòtù náà gba ọ̀sẹ̀ tó pọ̀. Ìgbà méjì ni olùkọ́ wá wọ̀ ọ́ wò, ìgbà méjèèjì ni Ọ̀gá Kóòtù tú èjìká ọ̀tún tó tún un tò. Nígbà tó parí, olùkọ́ dúró síwájú dígí. Ó gbé apá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò mọ̀ pé òun ga tó báyẹn.

Ìyàwó dé lọ́jọ́ kejì. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọkọ mi," ló wí, ó sì rọra bèèrè bóyá kí òun wá yọ síìpù kúrò báyìí.

Ọ̀gá Kóòtù ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù kan, kò gbójú sókè. "Fi í síbẹ̀ ná. Kàn gbé kóòtù síwájú ẹ̀." Ó wá rántí nǹkan kan. "Olùkọ́ yẹn, ṣé ó ti kọ nǹkan?"

Ó ti kọ ọ́. Ìyàwó rí i, ó bu ètè jẹ, ó gbé fóònù fún ìyálé ẹ̀. Ìyálé ẹ̀ wò ó, ó gbé e fún ọkọ ẹ̀. Ọ̀gá Kóòtù wọ awò ojú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ìràwọ̀ márùn-ún. Síìpù ṣòkòtò mi dára gan-an."

Ó yí fóònù náà wò bóyá ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn ẹ̀. Kò kù. Ó jókòó, ó sì tẹ èsì tiẹ̀: "Ẹ ṣé. Kóòtù ńkọ́?"

Olùkọ́ ò fèsì. Bóyá kò rí i, bóyá iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé ló ń wò. Ọ̀gá Kóòtù ń yẹ fóònù ìyàwó ẹ̀ wò láàárọ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, ó ń díbọ́n pé aago lòun ń wò.

Ìgbà tó ṣe, bó ti ń rán etí báàgì kan, ó gbójú sókè, ó sì rí olùkọ́ náà tó ń kọjá lódìkejì títì pẹ̀lú àwọn olùkọ́ méjì mìíràn. Ó wọ kóòtù náà. Èjìká ẹ̀ dúró ṣánṣán. Bọ́tìnì ló tì lódì, ti ìsàlẹ̀ wà nínú ojú ti àárín, iwájú kóòtù sì ga lápá kan bí àjà tó fẹ́ já.

Ọ̀gá Kóòtù ju báàgì sílẹ̀. Ó jáde, ó na ọwọ́ dá ọkọ̀ kan dúró, ó sọdá títì, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Olùkọ́ fẹ́ kí i, Ọ̀gá Kóòtù ò dúró gbọ́. Ó tú bọ́tìnì náà níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó tún wọn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ọrùn kóòtù wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu èjìká ọ̀tún, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó.

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Ó sì dúró sójú kan náà títí tí wọ́n fi yà níwájú, kó tó sọdá padà sídìí báàgì tó ń rán.